Alukoro Tuntun ní Ìsìkàn

Sìmẹ́ǹtì ti ń gan mọ́ Agnes lọ́wọ́, ihò èkúté kan ṣì kù. Ó fi ìkúnlẹ̀ wọ́ dé ẹ̀yìn àpò gààrì, ó fi igi ti àfọ́kù ìgò wọnú ihò náà, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ́ sìmẹ́ǹtì lé e lórí títí ó fi dán. Èyí tó bọ́ sílẹ̀, ó fi ṣíbí kó o padà sínú agolo. Kò fi nǹkan kan ṣòfò.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà."

Agnes kò gbójú sókè. Gbogbo Ìsìkàn ló mọ ohùn yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e sórí rédíò.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, mà. Monílọ́lá."

"Monílọ́lá wo?"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tí kò fẹ́ bínú. "Ìyàwó Adépọ̀jù, mà. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn yẹn ni mo tún wá gbà. Ìkìlọ̀ wọlé láàárọ̀ yìí. Ibà Lásà ti dé ìtòsí wa. Ọ̀gá Jethro ní kí gbogbo àdúgbò gbọ́ kí ọ̀sán tó pọ́n."

"Ẹ̀rọ náà ò ṣiṣẹ́."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́sí, mà. Mo ra bátìrì wá."

"Kì í ṣe bátìrì ló ń ṣe é."

"Ẹ jẹ́ kí n kàn wò ó."

Agnes wá yíjú sí i wàyí. Aṣọ funfun tí wọ́n tẹ orúkọ iṣẹ́ alukoro ìlera sí ló wà lọ́rùn ọmọbìnrin náà, fóònù ńlá wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Àbí o ti kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe rédíò mọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni? Wọ́n gbé ọ sórí rédíò lẹ́ẹ̀kan, o wá di ẹni tó ń tún un ṣe."

"Ìyá Ọpẹ́, ẹ jọ̀ọ́."

"Ohùn ẹ dùn. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ ọ́. Fi ohùn dídùn yẹn kígbe."

Monílọ́lá kó bátìrì rẹ̀ padà sápò. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ ṣeun, mà," ó sì lọ.

Ọdún márùn-ún ni Agnes fi jẹ́ alukoro ìlera àdúgbò náà. Kò sí owó oṣù níbẹ̀. Fìlà kan àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan ni wọ́n fún un. Nígbà tí onígbáméjì fẹ́ wọ̀lú, òun ló kígbe pé kí wọ́n máa se omi kí wọ́n tó mu ún. Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, òun ló ń jí àwọn ìyá ọlọ́mọ. Àwọn ọmọdé a máa sín in jẹ lẹ́yìn rẹ̀, "Ẹ gbọ́ o, ará ilé, ẹ gbọ́ o!" Á lé wọn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ á máa dùn. Lọ́dún yìí ni ọ̀gá Jethro láti ọ́fíìsì ìlera wá jókòó sórí àga rẹ̀, ó mu omi rẹ̀ tán, ó ní, "Màmá, orí wáàsáàpù ni ìkìlọ̀ ń gbà wọlé báyìí. Fóònù tọ́ọ̀ṣì sì ni tiyín. Ẹ jẹ́ ká gbé e fún ọ̀dọ́." Ọpẹ́olúwa, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà ní Ìlárá-Mọ̀kín, ti ṣèlérí fóònù ńlá fún un. Àmọ́ ní àsìkò tí àwọn tó ń fi kóńgò ra gààrì ti ń fi agolo mílíìkì rà á, ta ni yóò ra fóònù?

Agnes ìbá gbà bẹ́ẹ̀. Ti rédíò ni kò lè gbé mì. Monílọ́lá kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà tí wọ́n fi pè é wá sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́, pé kó ṣàlàyé bí àdúgbò ṣe ń gbọ́ ìkìlọ̀. Ó ṣàlàyé dáadáa. Agnes gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń retí ibi tí wọn yóò ti dárúkọ òun. Wọn kò dárúkọ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn "bàjẹ́". Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà, Agnes fi ìró rẹ̀ kan bò ó, kò sì sí ohun tó ṣe é.

Láti ojúlé kejì, ó gbọ́ ohùn Monílọ́lá. Ohùn lásán ni ọmọ náà fi ń kígbe, ẹ̀rọ ìlọta sì ń bú ramúramù lé e lórí. Agnes fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú garawa, ó ń fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń jẹ adùn rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Kìtán gba ẹ̀yìnkùlé wọlé bá a. Ọmọ Oǹdó bíi tirẹ̀ ni, ìyàwó Akíntóyè tó ń wa ọkọ̀ èrò láti Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Gèlè kò sí lórí rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ gbà mí. Bàbá Bísọ́dún ni."

"Kí ló ṣe é?"

"Ibà ni, àbí kí ni n ó pè é? Kẹ́míìsì ti gún un lábẹ́rẹ́ ibà, wọ́n tún fún un ní oògùn táífọ́ọ̀dù, ńṣe ló ń le sí i. Ojú ẹ̀ pọ́n. Ó ní ọ̀fun ń dun òun, kò lè gbé omi mì. Nígbà tó fọ ẹnu láàárọ̀ yìí, ẹ̀jẹ̀ ló ń tu jáde."

Ọwọ́ Agnes dúró nínú omi. "Ṣé èkúté ń wọ gààrì yín?"

"Gààrì ta ni èkúté kì í wọ̀? Mo bu ibi tó jẹ dànù. Ṣé kí n da odidi àpò nù nítorí èkúté, Àǹtí? Lásìkò yìí?" Ó nu ojú. "Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní gáréèjì fẹ́ gbé wa lọ sí Oǹdó, sọ́dọ̀ màmá ẹ̀. Màmá ti ń já ewé àgbo sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní n ò ní lọ láìbi yín. Ohun tí ẹ bá sọ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ Agnes nínú. Nínú gbogbo Ìsìkàn, pẹ̀lú rédíò, pẹ̀lú aṣọ funfun, ọ̀dọ̀ òun náà ni wọ́n ń wá. Ó mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ó yẹ kó ní: sáré bá Monílọ́lá, òun ló ní nọ́ńbà àwọn tó ń fi ọkọ̀ gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ó wá rí i bí yóò ṣe rí lẹ́yìn náà: ọ̀gá Jethro yóò bọ ọmọ náà lọ́wọ́, rédíò yóò tún pè é, wọn yóò ní Monílọ́lá ló rí aláìsàn náà, Monílọ́lá ló gba àdúgbò là.

"Ẹ máa gbé e lọ," ni ó sọ. "Ta ló lè tọ́jú ọmọ tó ìyá?"

Kìtán kúnlẹ̀. "Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, Àǹtí." Ó gba ibi tó gbà wọlé jáde.

Agnes gbọn omi ọwọ́ rẹ̀ nù. Ó wá nǹkan tí yóò ṣe, kò rí. Ihò èkúté ti dí tán.

Ohùn Monílọ́lá tún dé, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló wà báyìí, ó ti há. "Ẹni tí oògùn ibà kò bá ran ibà rẹ̀... ẹ má gbé e wọ ọkọ̀ èrò... ẹ má fi ọwọ́ lásán tọ́jú rẹ̀..." Ikọ́ dí i lọ́nà. Ọkùnrin kan láti ibi tí wọ́n ti ń ta ayò kígbe pé, "Àǹtí Rédíò, ẹ yí fólíọ̀mù sókè o! A ò gbọ́!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Agnes náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó mọ ìyá Akíntóyè. Òkèlísà ní Oǹdó ni ilé wọn wà, kò jìnnà sí ilé tí wọ́n bí Agnes sí. Obìnrin yẹn ló fi ẹnu ara rẹ̀ fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde lọ́fun ọmọ aládùúgbò kan tó fẹ́ kú, ọmọ ọlọ́mọ. Kí ni kò ní fi ẹnu fà lára ọmọ tirẹ̀?

Agnes ṣí ìró kúrò lórí ẹ̀rọ náà, ó sì jáde sójú títì.

Monílọ́lá jókòó sórí òkúta, ó di ọ̀fun rẹ̀ mú. Agnes nawọ́ ẹ̀rọ náà sí i.

"Gbà. Ara ẹ̀ le. Pe àwọn ènìyàn ẹ. Akíntóyè onímọ́tò wà ní gáréèjì tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Oǹdó, ojú ẹ̀ pọ́n, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu ẹ̀. Ọkọ̀ èrò ni wọ́n fẹ́ fi gbé e."

Ọmọbìnrin náà kò bi í léèrè kankan. Ó gba ẹ̀rọ pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó ti ń fi èkejì tẹ fóònù. Ó dárúkọ gáréèjì, ó dárúkọ àìsàn, ó sọ ohun tó kù ní ṣókí, ó sì ti dá kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró kí ó tó parí ọ̀rọ̀. Ó dun Agnes bí ó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe tó.

Nínú kẹ̀kẹ́, eékún wọn ń kan ara wọn. Monílọ́lá ní, "Mo kọjá níwájú ilé wọn láàárọ̀. Ìyàwó ẹ̀ kò gbọ́ mi ni?"

"Ta ló gbọ́ ọ?"

"Ta ló ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí Oǹdó, mà?"

Agnes wo ojú títì. "Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni."

Ní gáréèjì, ọkọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ọmọ ọkọ̀ ń lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́, "Oǹdó! Oǹdó! Ẹnì kan ló kù!" Akíntóyè wà níwájú, orí rẹ̀ gbé lé gíláàsì, Kìtán di èjìká rẹ̀ mú. Monílọ́lá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún ọlọ́kẹ̀kẹ́ náà pé kó máa mú un dání, ó fi ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó fa ìbòmú sókè.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú bàbá. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn ń bọ̀ wá gbé wọn."

"Ilé ìwòsàn kẹ̀?" Kìtán tẹ ọkọ rẹ̀ mọ́ra. "Ìwọ ta ni? Ilé màmá ẹ̀ là ń lọ."

"Kìtán," ni Agnes sọ.

Obìnrin náà rí i, ojú rẹ̀ tú ká. "Ẹ ṣeun tí ẹ wá, Àǹtí! Ẹ bá mi sọ fún un. Ẹ̀yin náà lẹ ní ká máa gbé e lọ!"

Monílọ́lá yíjú wo Agnes. Awakọ̀ náà yíjú, ọmọ ọkọ̀ ṣíwọ́ lílu ọkọ̀.

Agnes wá irọ́ tí ẹnu rẹ̀ lè mú wá, kò rí. "Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀," ni ó dáhùn. "Bí o ṣe dárúkọ ẹ̀jẹ̀ ni mo ti mọ ohun tó ń ṣe é. Mo mọ̀, mo sì ní kí ẹ máa lọ."

"Kí ló dé?"

"Mi ò fẹ́ kí ọmọ yìí gba orúkọ."

"Orúkọ?" Kìtán tún un pè bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rí. "Orúkọ kí ni, Àǹtí?"

Agnes sún mọ́ fèrèsé, ó dẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi èdè Oǹdó bá Akíntóyè sọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀. Ó dárúkọ ìyá rẹ̀. Ó ní ọwọ́ tí ìyá náà yóò fi tọ́jú rẹ̀, ọwọ́ náà ni àìsàn yóò gbà mú un.

Ọkùnrin náà la ojú pupa. "Mo fẹ́ rí màmá mi."

"O ó rí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe báyìí."

Akíntóyè na ẹsẹ̀ jáde, kò sì jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ awakọ̀ di òun mú. "Má fọwọ́ kàn mí," ló sọ. Òun fúnra rẹ̀ ló rìn dé abẹ́ igi máńgòrò kan, ó jókòó níbẹ̀ lóun nìkan.

Nígbà tí ọkọ̀ ilé ìwòsàn yóò fi dé, Monílọ́lá ti bá àwọn èrò ọkọ̀ sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láìpariwo, ó ti gba nọ́ńbà wọn, ó ti sọ ohun tí kálukú yóò máa ṣọ́ lára rẹ̀. Kò sí ẹni tó sá. Bí ó bá jẹ́ Agnes ni, yóò ti kígbe, gáréèjì yóò sì ti tú. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ náà dà bí ata lójú rẹ̀. Ó tọrọ ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, ó tọrọ híípò lọ́wọ́ obìnrin tó ń fọ ilé ìyàgbẹ́ gáréèjì, ó pò ó mọ́ omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ìjókòó tí Akíntóyè fi sílẹ̀.

Kìtán kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń mú òun àti ọkọ rẹ̀ lọ sínú ọkọ̀ ilé ìwòsàn. "Bó bá kú, Àǹtí..." Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀gá Jethro tó bá ọkọ̀ ilé ìwòsàn náà wá bọ́ọ́lẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. "Monílọ́lá! O káre! Dúró síbí, jẹ́ kí n yà ọ́ ní fọ́tò. Ọ̀gá àgbà gbọ́dọ̀ rí èyí."

"Ìyá Ọpẹ́ ló rí i, sà," ni Monílọ́lá sọ. "Àwọn ló wá pè mí."

Agnes gbọ́ ọ. Ọmọ náà mọ ìyókù, ó sì lè sọ ọ́. Kò sọ ọ́. Ìyẹn gan-an tún dùn ún ju àbùkù lọ.

"Ṣé lóòótọ́? Màmá, ẹ wá! Ẹ wá dúró tì í ká jọ yà yín!"

Ó wù ú. Ó wù ú débi pé ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìjókòó. Gbogbo Ìsìkàn ni yóò rí fọ́tò náà.

"Ọwọ́ mi ò tíì kúrò nílẹ̀," ni ó sọ, kò sì yíjú.

Ó nu ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó nu gíláàsì níbi tí orí aláìsàn náà gbé lé, ó nu ìdí ìjókòó, ó tún gbogbo rẹ̀ nu. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó jù ú sínú àpò tí àwọn ti ilé ìwòsàn gbé sílẹ̀, ó sì da omi tó kù sínú gọ́tà. Ó ní kí awakọ̀ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kó lè gbẹ dáadáa kó tó tún gbé èrò. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń sọ pé kí Monílọ́lá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Agnes tún ìró rẹ̀ so, ó gba ẹnu géètì gáréèjì jáde, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìsìkàn.