Àkísà Pupa Lẹ́sẹ̀ Ẹyẹ

Ọyẹ́ ti ń ká ẹsẹ̀ nílẹ̀ ní Ìbàfò, ní oṣù kejì ọdún 1956, nígbà tí Lásúnkànmí, tí kò tíì pé ọdún kan tó gboyè ní yunifásítì, rí ẹyẹ náà ní àbàtà. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ tí wọ́n sá fún òtútù ilẹ̀ Yúróòpù ń kó ara wọn jọ láti padà sílé. Ọ̀kan dúró láàárín wọn, ó ga ju ìyókù lọ, àwọ̀ kọfí yí ojú rẹ̀ ká bí awò. Gúùsì ni òyìnbó ń pè é. Òkè Ọya lọ́hùn-ún ni wọ́n ti mọ irú rẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì sọ pé òun rí i lágbègbè yìí.

Lásúnkànmí ránṣẹ́ sí Ọ̀gbẹ́ni Páákà, òyìnbó tó ń kọ ìwé nípa ẹyẹ ilẹ̀ wa fún ìjọba. Èsì rẹ̀ ṣe ṣókí. Bí òun bá fi ojú ara òun rí i, orúkọ Lásúnkànmí yóò wọ ìwé náà, yóò sì di igbákejì òun. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu ọmọkùnrin náà: "Kò gbọdọ̀ lọ kí òyìnbó tó dé." Sùwéébátù, ìyá rẹ̀, ń gbọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ Lásúnkànmí lọ pàdé òyìnbó náà ní ibùdókọ̀ ojú irin ní Ìfọ̀, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi sọdá odò Ògùn. Nígbà tí wọ́n dé àbàtà, àwọn pẹ́pẹ́yẹ wà níbẹ̀. Gúùsì kò sí.

"Àkànní!" Ìyá Lásúnkànmí ń fi oríkì pè é láti ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Fọkàn balẹ̀, jàre. Kò lè lọ mọ́."

Ẹyẹ náà wà láàárín àwọn pẹ́pẹ́yẹ ilé. Wọ́n ti gé ìyẹ́ apá rẹ̀ kan, wọ́n fi àkísà pupa so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ òpó, bí a ti ń ṣe sí adìyẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà títí yóò fi mọ ilé.

Mùtàlíbù apẹja jókòó tì í, ó ń ra apá. "Àwọ̀n mi ló mú un láàárọ̀ yìí. Ó lù mí bí ọlọ́pàá! Ọ̀mọ̀wé, ẹyẹ ni wọ́n fi kọ́ ẹ ní gbogbo ọdún yẹn?"

Ọ̀gbẹ́ni Páákà wo àkísà náà. Kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹran ọ̀sìn ni," ó sọ lédè rẹ̀. "Ọgbà òyìnbó kan l'Ékòó ló ti sá jáde."

"Ìyá mi ló gé ìyẹ́ rẹ̀ láàárọ̀. Ẹ wò ó nílẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ẹ bi í léèrè, n ó túmọ̀."

"Ìyá rẹ ni. Kí lo rò pé yóò sọ?" Òyìnbó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bi í pé èló ni yóò tà á. Ọdún Àjíǹde ń bọ̀."

Lásúnkànmí bi ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Kí n ta ẹyẹ tí kì í ṣe tèmi? Sọ fún un pé mo kàn bá ọ dá a dúró dè é ni. Bí ìyẹ́ rẹ̀ bá hù, ó ń lọ sílé rẹ̀, ínṣà Álláhù."

Ó túmọ̀ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

"Ìyá rẹ mọ ọjà ná," ni Ọ̀gbẹ́ni Páákà wí.

Lásúnkànmí kò gbé ohùn sókè. "Mùtàlíbù, jọ̀wọ́, bá mi fi ọkọ̀ gbé ọ̀gá sọdá. Wọ́n ti rí gbogbo ohun tí wọ́n wá wò."

Nírọ̀lẹ́, àwọn pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ gbéra lójú omi, wọ́n gba orí Mowé lọ sí àríwá.

"Àkànní, ṣé mo ba nǹkan jẹ́ ni?"

"Rárá, Màmá."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú àkísà náà. Ẹyẹ náà sáré dé etí omi, ó na apá rẹ̀ méjèèjì, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú, ó sì dúró síbẹ̀.