Irfan Kọ Àga

Ọdún kẹwàá rèé tí Irfan ti ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun kiri àwọn kíláàbù kéékèèké. Kíláàbù tuntun ń retí rẹ̀ ní Àbíjàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọn ò sì mọ̀ pé orúnkún rẹ̀ ti kọ̀, kò ká dáadáa mọ́. Ọ̀rọ̀ Èjìgbò, ìlú rẹ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ kún Àbíjàn, kì í sì í sùn lọ́nà: ohun tí wọ́n bá rí níbí láàárọ̀, Àbíjàn ti gbọ́ kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, bàbá rẹ̀, tí ń jókòó sórí àga kírun, nawọ́ sí àga kejì.

"Jókòó síbí."

"Rárá o, Bàbá. Ara mi le. Ẹ má ṣèyọnu."

Bùràímọ̀, àna kóòṣì kíláàbù Àbíjàn náà, wà lẹ́yìn wọn gan-an.

Irfan forí kanlẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù. Orúnkún rẹ̀ dún pàá bí igi gbígbẹ. Gbogbo wọn dìde, òun ò lè dìde. Òógùn bò ó. Ó ń bẹ Ọlọ́run kí ìrun náà má parí láéláé.

Ó parí. Bàbá fà á lápá sórí àga. Irfan rọra wẹ̀yìn.

Bùràímọ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, fóònù létí, ó ń sọ Faransé.