Ẹni Tí Yóò Bá Bàbá Jiyàn

"Pe ọ́fíìsì yín. Ní kí wọ́n rán ẹlòmíràn wá."

Ìbọ̀sẹ̀ kan ti wà lẹ́sẹ̀ Bàbá Japheth, èkejì ṣì wà lọ́wọ́ Báyọ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀. Báyọ̀ wo ojú bàbá bóyá ẹ̀rín wà níbẹ̀. Kò sí.

"Daddy, kí ni mo ṣe? Ṣé omi ìwẹ̀ ni kò gbóná?"

"Omi gbóná. O ò ṣe nǹkan kan, ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Lánàá mo ní Gretzky ló mọ họ́kì orí yìnyín gbá jù láyé, o ní 'Bẹ́ẹ̀ ni sà.' Láàárọ̀ yìí mo ní irọ́ ni, Ovechkin ni, o tún ní 'Bẹ́ẹ̀ ni sà.' Òkú nìkan ni wọn kì í bá jiyàn!"

Ọ̀rọ̀ náà gún Báyọ̀ lọ́kàn. Lábúlé wọn lẹ́bàá Òde-Omu, bí bàbá rẹ̀ bá wo ọ̀sán gangan tó ní òru ni, àtùpà ni wọn yóò lọ tàn. Ẹ̀kọ́ ilé tó gbé dé London nìyẹn.

Ó sáré lọ bá Juliana, tó ń pín iṣẹ́ fún wọn lọ́fíìsì ní Woolwich.

"Ó ti pè mí," ni Juliana wí. "Káyọ̀ ni yóò gba ibẹ̀ láti Mọ́ńdè. Ọ̀la lo máa débẹ̀ kẹ́yìn."

"Auntie, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

"Kí n ní kí ni? Pé o ń gbọ́ràn jù? Láti Edmonton ní Kánádà lòun àti ìyàwó ẹ̀ ti ń fa iyàn họ́kì yìí, títí ìrẹsì á fi jóná. Láti ìgbà tí Auntie Margaret ti kú, kò rẹ́ni bá a fà á mọ́. Ìwọ wá ń ṣe bí ọmọ Sunday school!"

Kì í ṣe pé iṣẹ́ wọ́n. Arúgbó tí wọ́n ń tọ́jú pọ̀ ní Thamesmead, àdúgbò Bàbá Japheth. Ṣùgbọ́n bí Bàbá Japheth bá húkọ́, bí ẹni pé bàbá Báyọ̀ ló húkọ́ ni, ẹni tí wọ́n sin lọ́dún tó kọjá nígbà tí ìwé ìgbélùú Báyọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba, tí kò lè lọ. Kò fẹ́ pàdánù bàbá méjì.

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Nínú bọ́ọ̀sì, ó tú fóònù rẹ̀, ó ń kà nípa àwọn ọkùnrin tó wọ bàtà onírin, tí wọ́n ń fi ọ̀pá lé rọ́bà pẹlẹbẹ kiri lórí yìnyín. Ó kà á títí ó fi ré ilé kọjá.

Lówùúrọ̀ Fúráìdè, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó wẹ bàbá, ó wọ ẹ̀wù fún un. Lẹ́yìn náà ló ní, "Daddy, ẹ forí jì mí. Ọ̀rọ̀ Ovechkin yẹn, kò rí bẹ́ẹ̀."

Bàbá yí ọrùn. "Kí lo wí?"

"Gretzky ni sà."

"Gretzky wo? 894 ni góòlù tiẹ̀. Ovechkin ti kọjá ẹ̀ láti 2025! Ogún ọdún, irun ẹ̀ ti ń funfun, ó ṣì ń gbá a sáwọ̀n!"

"Ẹ jẹ́ ká kó gbogbo góòlù Gretzky dànù, sà. Èyí tó gbé fún ẹlòmíràn gbá sáwọ̀n nìkan, 1,963 ni. Ẹ ro góòlù ẹlòmíràn pọ̀ mọ́ èyí tóun náà gbé fúnni, kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀. Tótó, ó ṣe bí òwe: bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà."

Ó yẹ kí bàbá ní, "Wàá pa òmíràn." Bàbá ò wí bẹ́ẹ̀. Ó lu apá àga.

"Òwe lo fi ń bú mi nínú ilé mi? Ìwọ tó jẹ́ inú fíríìjì nìkan lo ti mọ yìnyín! Àwọn gólì tó ń ṣọ́ ilé nígbà yẹn, ìyá ìyá mi ì bá gbá a wọlé wọn!"

"Tó bá rọrùn tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé táwọn tí wọ́n jọ gbá a nígbà náà ò rí i ṣe?"

Báyọ̀ gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó lọ sókè.

"Ẹnu Margaret rèé," ni Bàbá wí jẹ́jẹ́.

Fóònù dún. Juliana ni: "Báyọ̀, sọ fún Daddy pé aago mẹ́jọ ni Káyọ̀ máa dé ní Mọ́ńdè."

Bàbá gba fóònù. "Káyọ̀ wo? Ọmọ yìí wọ́ mi nílẹ̀ nínú ilé mi, mi ò sì tíì fèsì tán. Mọ́ńdè ni mo máa fèsì." Ó dá fóònù padà. "Lọ ka ti Lemieux, agbá-họ́kì mìíràn, kó o tó dé. Ìyẹn ni mo máa fi nà ẹ́."

"Ẹ ò lè fi ìyẹn nà mí, Daddy," ni Báyọ̀ wí.