Bíréèkì Tí Mo Ní Kó Dà Nù

“Dà á nù,” ni mo wí fún àbúrò mi. “Dà á nù lójú mi, kí ọkàn mi lè balẹ̀.”

Ẹ̀yìn ilé la wà, létí gọ́tà, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìgò oògùn náà mú. “Àǹtí mi, ṣé ó dá yín lójú?”

Mo ní ó dá mi lójú. Irọ́ gbuu ni mo pa. Èmi tí mi ò ka ju ìwé mẹ́fà lọ, kí ni mo mọ̀ nípa oògùn? Ohun tí mo mọ̀ kò ju èyí lọ: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí wọ́n gba ìtọ̀ gbogbo wa níbi iṣẹ́, ẹni tí oògùn bá sì hàn nínú ìtọ̀ rẹ̀, ilé ló ń lọ. Ó ṣí ìdérí ìgò náà, ó dà á nù. Oògùn náà pupa díẹ̀, ó ki, ó sì bá omi ọṣẹ tí mo fi fọ aṣọ lọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Ẹyin tèmi balẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò tiẹ̀ gbọ́ ìró rẹ̀.

Ilé ìkẹ́rù-sí kan ni èmi àti ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Àpò iyọ̀ ni wọ́n ń kó sọ́kọ̀ níbẹ̀. Èmi ni mo ń rán èyí tó bá ya, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Alábẹ́rẹ́. Àbúrò mi ń rù ú. Àpò méjì ló máa ń gbé lẹ́ẹ̀kan, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Tírélà. Èdè ọkọ̀ ni gbogbo èdè àwọn aláàárù wọ̀nyẹn. Bó bá rẹ ẹnìkan, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti gbóná nìyẹn. Hóró oògùn ara ríro tí fọ́máànù ń pín láràárọ̀, “epo” ni wọ́n ń pè é. Inú ìdérí ike kan ló máa ń kó o sí, á máa nà án sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: “Ẹ bu epo, ẹ bu epo, ọ̀nà jìn o!” Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá bu ú, ẹ̀yìn kì í dùn ún títí ọkọ̀ á fi kún.

Ọdún mẹ́ta ni àbúrò mi fi bu epo. Nígbà tó yá, kò lè dìde lórí ẹní bí kò bá bu ú, èyí tí fọ́máànù ń fún un kò tó o mọ́, ó ń wá a káàkiri ìgboro. Ó ta bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyá wa fi sílẹ̀ fún mi. Lọ́jọ́ tó ṣubú pẹ̀lú ẹrù lórí, fọ́máànù yìí kan náà ló kọ́kọ́ pariwo pé òun ò fẹ́ ajoògùnyó lábẹ́ òun. Ẹ gbọ́ mi ná, ẹnu ẹ̀ gbà á sọ!

Èmi ni mo mú un lọ sílé ìwòsàn. “Gáréèjì” ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ló ń fún un ní oògùn olómi yẹn, tí kì í jẹ́ kí epo wù ú mọ́; àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló sì sọ ọ́ ní bíréèkì. “Àǹtí mi, bí mo bá ti mu bíréèkì mi, kò sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lè gbé mi lọ mọ́.” Oṣù mẹ́jọ gbáko. Ó sanra. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ní balùwẹ̀, ohùn burúkú, mo sì ń dúpẹ́. Wọ́n gbà á padà síbi iṣẹ́. Bí fọ́máànù bá na ìdérí sí i, á kó ọwọ́ sẹ́yìn: “Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Táǹkì mi kún.” Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni ìwé dé pé wọ́n máa yẹ ìtọ̀ wa wò. A mú lẹ́tà nọ́ọ̀sì lọ bá akọ̀wé nínú ọ́fíìsì.

“Ọ̀gá, oògùn ìwòsàn ni,” ni àbúrò mi wí. “Ó wà nínú lẹ́tà yìí.”

Akọ̀wé ò ṣí i. “Ẹ̀rọ ò mọ lẹ́tà kà. Bó bá hàn, ó hàn nìyẹn.”

“Epo tí fọ́máànù ń pín ńkọ́, sà?” ni mo bi í.

Ó gbójú sókè. “Epo wo? Màmá, ṣé ẹ rí epo níbí ni?”

Mo gba lẹ́tà náà padà. Iṣẹ́ témi náà ń ṣe ni mò ń rò.

Bí a ṣe dà á nù nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn ń bò ó bí ẹni tí òjò pa. Mo ń fi omi gbígbóná nu ún, mò ń sọ fún un pé, “Fara dà á, ọkùnrin ni ọ́.” Ó fara dà á. Fọ́máànù náà ti kó ìdérí pamọ́ nígbà náà, ó ní kí gbogbo wọn fọ táǹkì. Ọjọ́ ìtọ̀ pé, gbogbo wọn yege. Wọ́n lẹ orúkọ wọn mọ́ ẹnu géètì: ÀWỌN TÍ ARA WỌN MỌ́. Àbúrò mi fi ìka tọ́ka sí tirẹ̀ fún mi bí ọmọdé.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ mẹ́ta ń dúró. Ìdérí jáde padà. Kò sí bíréèkì lára àbúrò mi mọ́, ẹ̀yìn ń dùn ún, àpò kan ṣoṣo ló ń tiraka gbé. Fọ́máànù ní, “Tírélà, bó o bá ti di kẹ̀kẹ́, sọ fún mi kí n wá ẹlòmíì.” Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ kúrò lẹ́yìn. Iye tó máa ń bu tẹ́lẹ̀ náà ló bù.

Lọ́sàn-án, ó sùn sórí àpò iyọ̀. Ó ń hanrun, ìhanrun ńlá tó ń fà gùrọ̀gùrọ̀. “Tírélà ti páàkì!” ni wọ́n ń wí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Oòrùn ń pa á lójú, ni mo bá mú àpò òfìfo kan bò ó, mo padà sídìí abẹ́rẹ́ mi. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà. Nígbà tí ìhanrun náà dákẹ́, mo rò pé oorun rẹ̀ ti wọra ni.

Nílé ìwòsàn, lẹ́yìn tí wọ́n ti bo ojú rẹ̀, nọ́ọ̀sì bi mí pé ìgbà wo ló mu bíréèkì rẹ̀ kẹ́yìn. Mo sọ fún un. Ó ní bí ara bá ti fi í sílẹ̀ pẹ́, ara á gbàgbé ẹrù tó ń gbé tẹ́lẹ̀, ẹrù náà á wá wó pa á. “Ta ló ní kó fi í sílẹ̀?”

Ilé iṣẹ́ ní ìta ló ti gbé oògùn wọlé. Kò sẹ́ni tó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lẹ́nu géètì.

Mo padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kẹjọ, ebi ò mọ ọ̀fọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, fọ́máànù na ìdérí sí èmi náà. “Àǹtí Alábẹ́rẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ mú ẹyọ kan, kí ọkàn yín lè fúyẹ́.”

Mo mú un. Mo ní ẹ ṣeun. Nígbà tó kọjá, mo rán an mọ́ ìṣẹ́tí ìró mi, mo fi okùn àpò ta á ní kókó. Ó ń fún mi láràárọ̀ látìgbà náà, mo sì ń rán an.

Akọ̀wé bi mí lọ́jọ́sí bóyá mo rí epo níbí. Ó ti pé mọ́kànlá báyìí nínú ìṣẹ́tí ìró mi. Ẹni tí màá tú u fi hàn ni mi ò tíì rí.