Orúkọ Ta Ni Yóò Ṣáájú?

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, káfíńtà tó ń tún àga àti ilẹ̀kùn ṣe ní yunifásítì, ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé wọ́n fẹ́ da ilé-ẹ̀kọ́ náà pọ̀ mọ́ yunifásítì tó wà ní òdìkejì odò. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n bú ní bàbá.

"Àbúrò, wọ́n ní a ti kéré jù. Wọ́n ní kí á wá di ẹ̀ka. Àwa! Ẹ̀ka!"

Mo ní, "Ṣọ́ọ̀bù ẹsẹ̀ ńkọ́, Bùọ̀dá?"

"Ìyẹn náà á lọ. Wọ́n á kó o lọ síbi tí ẹ̀rọ pọ̀ sí." Ó sọ ìyẹn wẹ́rẹ́, àfi bíi pé àga kan ni wọ́n fẹ́ gbé láti yàrá kan sí òmíràn.

Ní ṣọ́ọ̀bù ẹsẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá fún àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọmọ Bùọ̀dá obìnrin ti ń kọ́ṣẹ́. Ọwọ́ ọmọ náà yá débi pé Ọ̀gá Kékeré làwọn olùkọ́ ń pè é. Ọdún kan péré ló kù fún un. Ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ti pàdánù ẹsẹ̀ òsì sọ́wọ́ àtọ̀gbẹ. Ọ̀gá Kékeré ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un lábẹ́rẹ́, òun ló ń gbé e láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga kó tó lọ sí kíláàsì. Bí ṣọ́ọ̀bù bá kọjá odò, kò ní ṣeé lọ ṣeé bọ̀ lójúmọ́, ọmọ náà á ní láti yan ọ̀kan: iṣẹ́ tàbí ìyá.

Ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́ pe ìpàdé gbogbo gbòò, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ tẹnu aráàlú. Ká tó lọ, àwa òbí àti òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ jókòó ní yàrá àwọn káfíńtà, láàárín òórùn gọ́ọ̀mù àti lẹ́búlẹ́bú pákó, a sì fẹnu kò pé Ọ̀gá Kékeré ni yóò gba ẹnu wa sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni yóò béèrè: kí wọ́n da ohun tó bá wù wọ́n pọ̀, kí wọ́n ṣáà fi ṣọ́ọ̀bù ẹsẹ̀ sílẹ̀ níbi tó wà. Gbogbo wa ní ó dáa. Bàbá rẹ̀ gan-an ló pàtẹ́wọ́ jù.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, àwa àtàwọn ará òdìkejì odò, fáànù ń yí bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Alága ìgbìmọ̀, obìnrin onígíláàsì kan tó ń wo aago ṣáá, ní kí àwọn ará ọgbà wa sọ tiwọn. Ọ̀gá Kékeré dìde. Ni ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan bá fọwọ́ kàn án léjìká.

"Jókòó ná, ọmọ mi. Jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ méjì péré la ọ̀nà fún ẹ."

Ta ló máa ní kó má sọ̀rọ̀? Nínú ọgbà yẹn, ẹni tó bá dàgbà jù ló ń kọ́kọ́ gba gbohùngbohùn, kò sì sí ẹni tó dàgbà jù ú lọ. Ṣùgbọ́n Kí-N-Tó-Jókòó làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é lẹ́yìn, torí tó bá ti ní "kí n tó jókòó", o lè lọ sílé, kó o jẹun, kó o sì padà wá bá a lórí ìdúró.

Ó kí alága. Ó kí igbákejì alága. Ó kí àwọn tó jókòó, ó kí àwọn tó dúró, ó kí àwọn tó wù láti wá tí ara wọn ò yá. Ó wá ní, "Kí n tó jókòó, ìbéèrè kan. Tí ẹ bá dà wá pọ̀, orúkọ ta ni yóò ṣáájú?"

Ó parí. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde dúró.

"Tiwa ni!"

"Tiyín kẹ̀? Ẹ̀yin tí gbogbo ọgbà yín ò tó pápá bọ́ọ̀lù wa!"

"Pápá náà ńkọ́? Ṣebí ibẹ̀ la ti ń nà yín!"

Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti gorí àga. "Ọwọ́ mi yìí ló gbẹ́ orúkọ tó wà lẹ́nu géètì! Kí n wá gbé tàwọn wọ̀nyí síwájú? Èmi?"

Mo fa ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Bùọ̀dá, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù! Ọmọ yín fẹ́ sọ̀rọ̀!"

"Fara balẹ̀, àbúrò, a máa kan ìyẹn."

A ò kàn án. Ọ̀gá Kékeré nawọ́ sókè, ó ń retí gbohùngbohùn. Nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún ro ó, ó na tòsì. Gbohùngbohùn ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń jà sí orúkọ.

Níkẹyìn, alága gbá tábìlì, ó kọjú sí wa. "Ó tó! Orúkọ tiyín ni yóò ṣáájú."

Àwọn ará ọgbà wa hó yèè. Wọ́n ń dì mọ́ra wọn. Àní Kí-N-Tó-Jókòó jókòó.

"Ẹni tó bá fara mọ́ ètò náà báyìí, kó nawọ́."

Ọwọ́ kún òkè. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi na méjèèjì. Ọmọ rẹ̀ ò tíì sọ ọwọ́ tirẹ̀ kalẹ̀ látìgbà tó ti ń tọrọ àyè láti sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó ń ka ọwọ́ dé ìlà wa, ó nàka sí i, ó kà á mọ́ wọn.

"Rárá, sà! Ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ sọ!"

"Mo ti kà ẹ́, sọ ọwọ́ kalẹ̀," ló wí, ó sì kọjá.

Mo pariwo títí, ariwo ayọ̀ wọn bò mí mọ́lẹ̀. Alága ti ń kó gíláàsì rẹ̀ sí báàgì.

Níta, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi bá wa, ẹ̀rín gba ẹnu rẹ̀ kan. "Ṣé ẹ rí i bá a ṣe ṣe wọ́n?"

"Bàbá, ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n á bá wa dá sí i."

"Kí wọ́n tó jókòó ni, àbí lẹ́yìn tí wọ́n bá jókòó?"

"Má bínú. Sinmi sílé lọ́dún yìí ná, tó bá di àmọ́dún—"

"Mi ò sinmi, Bàbá. Mò ń tẹ̀lé ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin lẹ nawọ́, ẹ̀yin náà lẹ máa tọ́jú Màmá."

Ó yíjú sí mi. "Àbúrò, bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀." Inú ń bí mi sí i.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ọmọ náà fi ń kọ́ bàbá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fúnni lábẹ́rẹ́. Bí bàbá bá ti rí ẹnu abẹ́rẹ́, òógùn á bò ó, á ní òun ti mọ̀ ọ́n, kó gbé e kúrò níwájú òun.

Láàárọ̀ tí wọ́n wá kó ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbọ́n mi di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú lórí bẹ́ẹ̀dì. "Máa lọ, jàre. Tí bàbá ẹ bá gún mi níbi tí ò yẹ, ariwo mi á bá ẹ lọ́hùn-ún."

Mo gbé àpò ọmọ náà dé ìdí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń dúró lójú títì. Ló bá di pé ọkọ ẹ̀gbọ́n mi sáré jáde, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá Kékeré! Ikùn ni o ní, àbí itan?"

Ọmọ náà gbọ́. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ sọ sókè. Ó gba àpò lọ́wọ́ mi, ó gun ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, kò wẹ̀yìn.