Àpò Másónjà Méjì

"Ọjọ́ tí wọ́n bí mi," ni Mpendulo wí, "kí ìyá mi tó gbé ọmú sí mi lẹ́nu, mo ti jẹ àpò másónjà kan tán, mo sì ń bi wọ́n pé èkejì dà."

Orí ìlà oúnjẹ ọ̀sán ní yunifásítì ló ti ń pa irọ́ yìí, láàárín àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tí wọ́n ń fi ojú wọ̀n ọ́n látòkè délẹ̀. Másónjà ni kòkòrò ọlọ́ràá tí àwọn ará Giyani, lápá àríwá Gúúsù Áfíríkà, máa ń sá gbẹ, tí wọ́n sì máa ń fi tòmátì àti àlùbọ́sà sè. Mpendulo kò dé Giyani rí. Ọmọ Durban ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aáyán kan ṣoṣo ló lé e gun orí tábìlì, tó ń ké pe ìyá rẹ̀ bí ẹni tí kìnnìún gbá mú.

Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni Nkhensani, ọmọ Giyani tòótọ́, dúró sí. Òun àti Zubeida ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ Sátidé, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí ènìyàn ṣe lè bá ẹni tí kì í ṣe ẹ̀yà rẹ̀ gbé láìrẹ́ ẹ jẹ. Olùkọ́ kankan kò sí níbẹ̀. Kò sì sí ẹni tó ń wá gbọ́ ọ. Èyí tí wọ́n ṣe kẹ́yìn, àga ló wá gbọ́ ọ, Zubeida sì ní àga pàápàá sùn.

Ṣùgbọ́n Sátidé tó ń bọ̀ yìí kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni ìgbìmọ̀ ilé akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń gbé ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ se oúnjẹ tó bá ń rùn kọjá ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Wọn kò dárúkọ ẹnìkan, àmọ́ ọjọ́ kejì òfin náà ni ẹnìkan gbé ìkòkò másónjà Nkhensani kúrò lórí iná, tó dà á sínú ààtàn. Ìyá àgbà Nkhensani ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa másónjà náà nínú oòrùn. Bí ìyá àgbà bá sì ti pè é lórí fóònù pé, "Ṣé o ti jẹ ẹ́?" Nkhensani á ní òun ti jẹ ẹ́, pé ó dùn. Màmá Naidoo, alákòóso ilé, ti sọ ọ́ gedegbe: bí àwọn ará ilé bá péjọ ní Sátidé, tí ọwọ́ tó pọ̀ jù sì tako òfin náà, òfin kú nìyẹn. Bí wọn kò bá péjọ, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ mọ́. Nkhensani sì ti sọ fún Zubeida pé bí ọwọ́ kò bá tó, òun á kó ẹrù òun. Òun kò lè máa gbé ilé tí òun á ti máa purọ́ fún ìyá àgbà nítorí oúnjẹ ẹnu òun.

Ìdí nìyí tó fi rọra fọwọ́ kan Mpendulo léjìká, tó sì bi í bóyá odindi àpò kan ṣì lè wọ ikùn rẹ̀. Mpendulo wo àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta wọ̀nyẹn. Ó fẹ àyà.

"Àpò kan? Ti ọmọdé nìyẹn. Gbé méjì wá."

Kó tó jẹ pápù àgbàdo tó bù tán, Nkhensani ti fọ́n ọ̀rọ̀ náà ká gbogbo ọgbà lórí Wásáàpù: Sátidé, ní gbọ̀ngàn ilé wa, Mpendulo yóò jẹ àpò másónjà méjì lójú ayé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wòran, á kọ́kọ́ jókòó sọ̀rọ̀.

Ẹ gbà mí. Èrò tó wá ní Sátidé ọ̀hún, ògiri ló ń bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó bá sín lẹ́yìn, iwájú ni wọ́n ti ń nu ikun rẹ̀. Gbogbo ará ilé pé, àwọn ará ilé mìíràn sì rọ̀ mọ́ fèrèsé bí àdán. Mpendulo jókòó síwájú bí ọba, àwo másónjà sísè níwájú rẹ̀, òógùn ń ṣàn lára ọba.

Zubeida ti ilẹ̀kùn, ó ní ọ̀rọ̀ ló ṣíwájú oúnjẹ. Ó ní kí oníkálukú sọ fún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, oúnjẹ ilé wọn tó ti fi pamọ́ jẹ rí. Gbọ̀ngàn hó. Ẹni tó sọ ti ẹja gbígbẹ ń bẹ, ẹni tó sọ ti ṣàkì ń bẹ. Zubeida fúnra rẹ̀ ní nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ilé ìgbẹ́ ni òun ti máa ń jẹ ọbẹ̀ kọ́rì ìyá òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú sí wọn lẹ́nu.

Nkhensani wá sọ ti ìkòkò rẹ̀ àti ti ìyá àgbà. Kò gbé ohùn sókè rárá.

Hannelie, alága ìgbìmọ̀ ilé, dìde. Ojú rẹ̀ ti pọ́n bíi tòmátì.

"Èmi ò kórìíra ẹnikẹ́ni o," ó wí. "Òórùn yẹn ló ń wọ aṣọ mi."

Yàrá kan náà ni òun àti Zubeida ń gbé. Zubeida rọra bi í pé, "Hannelie, kí lo so kọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù wa?"

"Bíltọ́ngì ni. Ẹran gbígbẹ láti oko bàbá mi."

"Ṣé kì í rùn?"

"Ó ń rùn."

"Ta ló dà á nù?"

Hannelie rìn lọ síbi àwo, ó mú másónjà kan, ó dijú bí ẹni tó fẹ́ bẹ́ sódò, ó sì rún un. Gbogbo gbọ̀ngàn di èémí mú, eṣinṣin pàápàá bà. Ó gbé e mì. Ó mú òmíràn.

"Bíltọ́ngì tó yí eruku díẹ̀ ni," ó wí. Ó wá kọjú sí Nkhensani. "Èmi ni mo gbé ìkòkò yẹn dà nù. Jọ̀ọ́, má bínú."

Nkhensani ní, "Ìwọ lo máa fọ ìkòkò ti òní."

"Màá fọ̀ ọ́."

Màmá Naidoo ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí òfin kú nawọ́. Ọwọ́ hù bí oko àgbàdo tí òjò rọ̀ sí. Ẹni tó na méjèèjì wà, ẹni tó na ẹsẹ̀ kún un náà wà, Hannelie sì na tirẹ̀. Màmá ní òfin ti kú, pé òun fúnra òun lòun á sin ín. Ariwo tó sọ, bóyá ni wọn ò gbọ́ ọ ní Giyani. Nkhensani jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, yóò pe ìyá àgbà, òtítọ́ ni yóò sì sọ.

Àfi bí ẹnìkan ṣe pariwo látẹ̀yìn pé, "Àpò méjì wa dà?"

Gbogbo orí yí sí Mpendulo. Ó ti fi ìdí wọ́ débi ìlàjì ọ̀nà ilẹ̀kùn. Ó ní ikùn òun kún, ó ní bóyá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Màmá Naidoo ṣàánú rẹ̀, ó bi í bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́: "Ọmọ mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi másónjà dàgbà, báwo lẹ ṣe ń rí i kó jọ?"

Ara Mpendulo balẹ̀, torí pé sísọ kò le tó jíjẹ. "Ọkọ́ la fi ń wà á, Màmá. Bàbá mi á gbẹ́lẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mù ún dé ọrùn, ibẹ̀ lá ti máa wú u bí ẹni wú iṣu."

"Mpendulo," ni Nkhensani wí, "orí igi ló ń gbé."

Ẹ̀rín gbé òrùlé, ó gbé e padà. Nkhensani mú èyí tó sanra jù nínú àwo, ó gbé e síwájú imú Mpendulo. "Ẹyọ kan péré, ọmọ Giyani."

Mpendulo wo kòkòrò. Ó fo àga, ó fo tábìlì, ó fo Màmá Naidoo tòun ti gèlè lórí, ó sì gba ojú fèrèsé já sí pápá. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ní afẹ́fẹ́ kan ló kọjá tó ń ké pe ìyá rẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan sì ń sá bọ̀ lẹ́yìn, kò bá a.