Láàpútọ́ọ̀pù Tó Ń Pe Ìdòwú

Nígbà tí Adébíyìí ń dárúkọ iye tó fẹ́ ta láàpútọ́ọ̀pù náà, ojú títì ló kọjú sí, kò wo Monínúọlá rárá. Ọ̀pọ̀ ni ọjà náà. Owó rẹ̀ tilẹ̀ kéré débi tó fi ń kọ ènìyàn lóminú, nítorí iye tí wọ́n ń ta tẹlifíṣọ̀n àlòkù ló ń pè é.

Àdúgbò Fájuyì ní Adó ni ṣọ́ọ̀bù Adébíyìí wà, níbi tí àwọn awakọ̀ ti ń pe èrò láti àárọ̀ dalẹ́. Àbúrò rẹ̀, Adérẹ̀mí, tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ń bá a ra kọ̀ǹpútà tí àwọn ènìyàn ti lò sú. Á tún wọn ṣe, á nù wọ́n dán, á sì kó wọn ránṣẹ́ sílé. Ọdún tí ìjọba ológun kógbá wọlé ni. Adó ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀, iṣẹ́ ìwé ti pọ̀ nígboro, ṣùgbọ́n àwọn ọ́fíìsì kò fẹ́ gba ìwé tí wọ́n fi taparáítà tẹ̀ mọ́. Monínúọlá, tó ń tẹ̀wé fún ènìyàn ní Òkè-Ìlá, mọ̀ pé bí òun kò bá ní kọ̀ǹpútà, ṣọ́ọ̀bù òun kò ní pẹ́ kó tó di ibi ìjókòó lásán. Ó ti lọ kọ́ ọ ní Àkúrẹ́. Èyí tó ní bátìrì nínú ló ń wá, torí NẸ́PÀ kì í jẹ́ kí iná pẹ́, ariwo jẹnẹrétọ̀ sì ń lé oníbàárà.

Ó fa àga, ó jókòó ti ẹ̀rọ náà, ó wá ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń yan iṣu lọ́jà. Ó ti ìdérí rẹ̀ síwá sẹ́yìn, bóyá oríkèé rẹ̀ ti yẹ̀. Kò yẹ̀. Ó yí ojú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, ó wá ibi tó bá ti ṣú. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lápá òsì, kò dí nǹkan kan lójú. Ó tẹ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, ó ti dííṣìkì tó mú wá láti ilé bọ inú rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì kà á. Ó yọ wáyà iná kúrò, ó ń bá ìtẹ̀ lọ, bátìrì kò sì kú.

"Ẹ̀rọ yìí dára," ó sọ bẹ́ẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Ó wá rí ohun tó ń da òun láàmú. Láti ìgbà tó ti dé ni ẹ̀rọ náà ti wà ní títàn. "Bọ̀dá Adébíyìí, ẹ jẹ́ n pa á, kí n tún un tàn. Mo fẹ́ rí bó ṣe ń jí."

"Kí lẹ fẹ́ fi jíjí rẹ̀ ṣe, Àǹtí? Ṣé kò ti ń ṣiṣẹ́ níwájú yín ni?"

"Ẹni tó bá fẹ́ mọ ara ẹ̀rọ, ìgbà tó bá ń jí ló ń wò ó."

Adébíyìí fi ọwọ́ nu ẹnu. Monínúọlá pa ẹ̀rọ náà, ó tún un tàn. Ó kùn díẹ̀, ojú rẹ̀ ṣú, ó là, ohùn obìnrin arúgbó kan sì jáde láti inú rẹ̀, ó mọ́ gaara:

"Ìdòwú o! Ulẹ̀ mọ́ o. Dìde, ọmọ mi, uṣẹ́ yá."

Àkùkọ kan kọ lẹ́yìn ohùn náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀rọ náà dákẹ́.

Orí Monínúọlá wú. Ó mọ̀ pé ènìyàn lè gba ohùn sílẹ̀, kó sì fi sí ibi tí ẹ̀rọ máa ń ké bó bá jí. Wọ́n kọ́ wọn ní Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí kò bá ìmọ̀ yẹn lọ ni pé ohùn náà kì í ṣe ohùn ẹni tó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ohùn ẹni tó dúró lójú àgbàlá ni, tó ń pe ọmọ rẹ̀ tó ṣì wà lórí ẹní. Ó sì ń fa ọ̀rọ̀ bí àwọn ará ìlú Ìyìn ṣe ń fà á. Monínúọlá mọ èyí dájú, nítorí Ìyìn ni wọ́n ti bí ìyá ìyá rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Adébíyìí tó jẹ́wọ́. Wọ́n ti ra ẹ̀rọ náà rí, wọ́n sì ti dá a padà. Olùṣọ́-àgùntàn kan gbé e lọ, ó ta òróró sí i, ó gbààwẹ̀ lé e lórí, bó ti tàn án, ohùn náà tún pe Ìdòwú. Olùkọ́ kan gbé e lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní òun kò ní bá a gbélé bí nǹkan náà bá ṣì wà nínú yàrá.

"Kí ló dé tí ẹ kò pa ohùn náà rẹ́?"

"Mo mọ bí wọ́n ṣe ń pa á rẹ́," Adébíyìí dáhùn. "Mo ti jókòó tì í láti ṣe é. Ọwọ́ mi kò gbà. Ó dà bí ìgbà tí mo fẹ́ di ìyá kan lẹ́nu."

Monínúọlá ní kó jẹ́ kí òun gbé e lọ lò wò ná. Adébíyìí fi tayọ̀tayọ̀ gbà, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

Ní Òkè-Ìlá, ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ bí ẹrú tó mọ olówó rẹ̀. Iná lọ, kò dúró. Ìwé àwọn ọ́fíìsì jáde, kò lábààwọ́n, àwọn tó ti ń gbé iṣẹ́ wọn lọ síbòmíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí padà wá. Tí ènìyàn bá ń wo iṣẹ́ nìkan, ọjà náà kò ní ẹlẹ́gbẹ́. Ṣùgbọ́n ní òròòwúrọ̀, bó bá ti tàn án, obìnrin náà á pe Ìdòwú. Lẹ́yìn ìpè náà ni ohun tó ń bà á lẹ́rù máa ń wà: ìdákẹ́jẹ́ kékeré kan, bí ìgbà tí ẹnì kan wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, tó gbọ́, tó fẹ́ dáhùn, tí kò rí ẹnu. Monínúọlá á wo kọ́tìnnì náà. Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀ ju àpótí ìwé lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń gbálẹ̀ nígbà tí ohùn náà pè. Kó tó mọ̀, ó ti dáhùn: "Ó ń bọ̀, Màmá."

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sórí àga oníbàárà. Ta ló ń bọ̀? Ó wá yé e pé òun kò lè sọ bóyá ẹ̀rọ náà tó rà tàbí kò tó rà, láìmọ ibi tí Ìdòwú wà. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ẹ̀rọ náà sínú báàgì, ó sì lọ bá Adébíyìí.

"Ẹ bá mi pe àbúrò yín. Mo fẹ́ mọ ẹni tó tà á fún un."

Wọ́n jọ lọ sí ilé tẹlifóònù. Monínúọlá dúró tì í nínú àpótí onígíláàsì náà. Ó ń gbọ́ ohùn Adérẹ̀mí, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Adébíyìí béèrè, ó tẹ́tí, ó sì tún béèrè. Nígbà tó gbé tẹlifóònù kalẹ̀, kò gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀.

"Onílé kan ló tà á fún un," ó ní. "Ọmọkùnrin kan ń gbé nínú yàrá ilé náà, ó sùn, kò jí. Wọn kò mọ ẹbí rẹ̀ kankan. Àwọn ará ìjọ kan níbẹ̀ ló sin ín. Ìdòwú Akínyẹlé lorúkọ tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀."

Monínúọlá gbá báàgì náà mọ́ra.

"Ẹni tó ń gbé yàrá kejì sọ pé gbogbo àárọ̀ ni òun máa ń gbọ́ tí obìnrin kan ń pè é, láti ara ògiri. Òun kò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n ohùn náà ti mọ́ òun lára. Àárọ̀ tí òun kò gbọ́ ọ ni òun lọ kan ilẹ̀kùn."

"Adérẹ̀mí mọ gbogbo èyí, ó sì fi ẹ̀rọ náà ránṣẹ́?"

"Ó ní Ìdòwú pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá."

"Àwọn ará ilé rẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti gbọ́?"

"Ta ni ì bá sọ fún wọn?"

Wọ́n jáde sí oòrùn. Àwọn awakọ̀ ń pariwo ibi tí wọ́n ń lọ. Monínúọlá fi báàgì náà kọ́ èjìká. "A ó lọ sí Ìyìn," ó ní. Adébíyìí kò bá a jiyàn.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n lọ. Ìyìn kì í ṣe ìlú tí ènìyàn ń sọnù sí. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n béèrè agboolé Akínyẹlé lọ́wọ́ rẹ̀ ló mú wọn dé ẹnu ọ̀nà. Wọn kò béèrè ìyá ọmọ, nítorí a kì í gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ìyá ní tààràtà. Àgbà ilé ni wọ́n béèrè. Bàbá Ọlátúbọ̀sún, àbúrò bàbá Ìdòwú, mú wọn wọ iyàrá àlejò, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn látòkè délẹ̀ láìjá a. Nígbà tí wọ́n parí, ó bọ́ fìlà, ó gbé e lé orúnkún.

"Ọmọ wa kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ó sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó pẹ́ tí a ti gbúròó rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n n kò ní fi orúkọ lásán pa ọmọ. Ẹ jẹ́ n gbọ́ ohùn náà."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́, Bàbá?" Monínúọlá béèrè.

"Àdùnní wà lẹ́yìnkùlé, ó ń sá èlùbọ́. Kò ní gbọ́."

Monínúọlá tan ẹ̀rọ náà. Wọ́n ń gbọ́ ìró ọwọ́ tó ń yí èlùbọ́ padà lórí ẹní lẹ́yìn ilé. Ẹ̀rọ náà kùn, ojú rẹ̀ là. "Ìdòwú o! Ulẹ̀ mọ́ o. Dìde, ọmọ mi, uṣẹ́ yá."

Bàbá Ọlátúbọ̀sún di ojú. Ìró ọwọ́ lẹ́yìnkùlé dáwọ́ dúró.

"Ta ló ń pe ọmọ mi?"

Ohùn kan náà ni. Èyí tó ti inú ẹ̀rọ jáde ló tún ti ẹ̀yìnkùlé wá, bí ẹni pé obìnrin náà ń dá ara rẹ̀ lóhùn. Adébíyìí dìde dúró láìmọ̀. Ìyá náà wọlé, ìyẹ̀fun funfun bò ó dé ìgbọ̀nwọ́. Ó wo àlejò méjèèjì, ó wo ẹ̀rọ, ó wo àbúrò ọkọ rẹ̀ tí kò wo òun.

"Ẹ tún un pè."

"Àdùnní, jókòó ná," Bàbá wí.

"Mo ní kí ẹ tún un pè."

Monínúọlá pa á, ó tún un tàn. Ó pẹ́ kó tó jí. Nígbà tí ohùn náà jáde, ìyá tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó gbọ́ ọ parí.

"Èmi ni," ó ní. "Ugbà tó wálé kẹ́yìn, ó na rédíò kékeré kan sí mi lẹ́nu. Ó ní, 'Màmá, ẹ pè mí bí ẹ ṣe máa ń pè mí.' Mo ní, ṣé o sùn ni? Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kì í lè jí ní Lọ́ńdọ̀nù." Ó nu ọwọ́ sára aṣọ. "Ṣé nínú oorun ni?"

Adébíyìí ló dáhùn. "Nínú oorun ni, Màmá."

"Ṣé wọ́n sin ín dáadáa?"

"Àwọn onígbàgbọ́ ló sin ín, Màmá."

"Mo ti mọ̀. Ọmọ tó bá wà láyé kì í dákẹ́ mọ́ mi tó báyìí." Kò ké. Bàbá Ọlátúbọ̀sún ni omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá na ìka sí ẹ̀rọ náà, kò fi kàn án. "Ṣé gbogbo ugbà ló ń pè é báyìí?"

"Bí a bá ti tàn án, Màmá."

"Ẹ má jẹ́ kó máa jí i mọ́."

Monínúọlá wá ibi tí ohùn náà wà, ó rí i. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Màmá, bí mo bá pa á rẹ́, kò ní padà o."

"Ọmọ mi, èmi náà mọ ohun tí kì í padà."

Ó pa á rẹ́. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó tún un tàn, kí ìyá lè fojú ara rẹ̀ rí i. Ẹ̀rọ náà jí, kò sọ nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni Àdùnní tó jókòó sílẹ̀, tó ká ẹsẹ̀ jọ bí ọmọdé, tí igbe sì jáde lẹ́nu rẹ̀, tí àwọn obìnrin agboolé fi sáré wọlé.

Kí wọ́n tó kúrò, Adébíyìí ní òun yóò fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún ẹbí. Ìyá kọ̀ ọ́. Ó ní ẹni tó mọ ìlò rẹ̀ ni kó mú un, ohun ìní ọmọ òun kò gbọdọ̀ jókòó lásán nínú ilé. Monínúọlá rà á nígbà náà, ọwọ́ ẹbí ní Ìyìn ni wọ́n sì fi owó tó san sílẹ̀ sí. Adérẹ̀mí fi àwòrán ibi tí wọ́n sin Ìdòwú sí ránṣẹ́ lẹ́yìn náà. Koríko ibẹ̀ tutù, ó sì mọ́ tónítóní.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀, Àdùnní wá sí Adó, ó sì béèrè ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù títí ó fi dé Òkè-Ìlá. Monínúọlá kúnlẹ̀ kí i, ó fún un ní àga. Ìyá ní òun kò fẹ́ jẹ, òun kò fẹ́ mu. Ó wo Monínúọlá bó ti ń tẹ̀wé. Nígbà tó pẹ́, ó na ọwọ́, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé iwájú ẹ̀rọ náà, níbi tí ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ máa ń sinmi lé.

"Ó gbóná," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Bí a bá ti ń lò ó, á máa gbóná."

Ìyá náà kò gbé ọwọ́ kúrò. Monínúọlá dá iṣẹ́ dúró, ó fa àga sún mọ́ ọn, àwọn méjèèjì sì jókòó bẹ́ẹ̀, òjò ń rọ̀ sórí páànù, títí ẹni tó wá gba ìwé fi dé ẹnu ọ̀nà.